Òpó Kúkúrú Inú Àtẹ Ato Mandefro

Ẹ̀yin tó ń kà mí, ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ń bọ̀. Hayk Dar, létí adágún, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí dòní, mo mọ gbogbo ọkùnrin tó ń wọ kóòtù níbẹ̀. Kò sí èyí tí kóòtù gùn ní gàárì tó Ato Mandefro Gizaw. Tí ẹ bá pè é ní Ato lásán, bí ẹni ń pe ọ̀gbẹ́ni kan ní títì, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ pè é ní Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìtòlẹ́gbẹ́ Ọkọ̀ àti Ìgbéga Ọkọ̀ Oníbátìrì ní Hayk Dar àti Àyíká Rẹ̀. Kí ènìyàn tó pè é tán, kọfí tó gbé kaná á ti hó dànù.

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò tóbi tó orúkọ yẹn. Tí ọkọ̀ bá wọ̀lú, wọ́n á wò ó, wọ́n á sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, wọ́n á sì kan nọ́ńbà mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ èrò, nọ́ńbà pupa. Ọkọ̀ àdáni, nọ́ńbà búlúù: ìwọ àti ẹbí rẹ lẹ ó jọ máa wọ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ gba birr kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka iye ọkọ̀ oníbátìrì tí wọ́n tà lóṣù yẹn, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Addis Ababa. Weyzero Yeshimebet (ìyáàfin ni Weyzero lọ́dọ̀ wa), ìyá àgbà tó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀, ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìpariwo.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Pagume ni Ato Mandefro gorí àga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di oṣù yẹn mú dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù mẹ́tàlá ló ń bẹ nínú ọdún. Méjìlá nínú wọn, ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹtàlá ni Pagume, ọjọ́ márùn-ún péré ni, àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin tó máa ń di mẹ́fà. Tó bá ti parí, ọdún tuntun dé nìyẹn, oṣù Meskerem bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù, nítorí pé kò sẹ́ni tí í gba owó oṣù Pagume.

Nígbà tí Meskerem parí, Alemseged wọlé tọ ọ̀gá pẹ̀lú ìwé kan. Alemseged ni akọ̀wé rẹ̀. Tí ọ̀gá bá sín, òun ni í nu imú. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti ya ọjà ọkọ̀ oníbátìrì bí òpó sórí ìwé náà, òpó kan fún oṣù kan. Òpó Pagume kúrú bí àpótí ìdáná. Òpó Meskerem ga fíofío.

"Kí lèyí?" ni Ato Mandefro bi í.

"Ọkọ̀ oníbátìrì tí wọ́n tà ni, ọ̀gá mi. Lóṣù tí ẹ dé, mọ́kànlá. Lóṣù tó tẹ̀lé e, mẹ́rìndínláàádọ́rin."

Ọ̀gá ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ó tún un ṣírò. "Ìlọ́po mẹ́fà! Alemseged, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ jókòó, ọ̀gá mi."

"Mo kàn jókòó, ọjà fò sókè ní ìlọ́po mẹ́fà! Tí mo bá wá dìde ńkọ́?"

"Háà! Ẹ rọra dìde o, ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ lè má lè bá yín sáré."

Weyzero Yeshimebet gbé ojú sókè láti orí ìwé rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Pagume tí ẹ ń wò yẹn..."

"Mama, ẹ má fi oṣù tó ti kọjá dà mí láàmú. Iwájú ni mò ń wò."

"Mo gbọ́, ọ̀gá, àmọ́ ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀..."

"Ọjọ́ iwájú, Mama! Ọjọ́ iwájú!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ìyá yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó gbé ife kọfí rẹ̀, ó sì mu ún.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé Ato Mandefro kò mọ Pagume ni? Ó kúkú mọ̀ ọ́n! Òun náà ti fi ọdún méjìlélógún rojọ́ pé wọn kì í sanwó Pagume. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyìn bá ti wọ̀ létí, ẹ má retí kó tún máa ka ọjọ́. Gbogbo ọ́fíìsì rí i, wọ́n dákẹ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ka ràkúnmí?

Ni wọ́n bá se àsè. Wọ́n dín búrẹ́dì dabo kan tó tóbi tó táyà bọ́ọ̀sì... mo purọ́, wọ́n yan án ni, ayọ̀ ló fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ato Mandefro dúró lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó nawọ́ sí adágún bí ẹni pé òun ló gbẹ́ ẹ.

"Ẹ̀yin ará Hayk Dar! Kí n tó dé, inú èéfín ni bàbá yín ń gbé! Inú èéfín ni ìyá yín ń gbé! Mo dé, mo fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ẹ sáré lọ ra ọkọ̀ oníbátìrì! Ẹsẹ̀ kan o! Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà níta!"

"Ẹ gbé e wọlé, ọ̀gá mi!" ni Alemseged ké.

"Mo máa gbé e wọlé! Mo ṣèlérí fún Addis Ababa: kí Nehase, oṣù kejìlá, tó parí, mẹ́rìndínláàádọ́rin yẹn á tún di ìlọ́po mẹ́fà!"

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Búrẹ́dì náà dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà ìlérí lọ sí Addis Ababa lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú fọ́tò ọ̀gá.

Oṣù ń gorí oṣù. Wọ́n ta ọgọ́ta, wọ́n ta méjìdínlọ́gọ́ta, wọ́n ta mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ará ìlú ń ra ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀, nígbà tí owó bá wà. Ato Mandefro jókòó, ọjà kò gòkè. Ó dìde, kò gòkè. Ó pààrọ̀ àga. Nígbà tí òjò oṣù Hamle bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tó ku oṣù kan àtààbọ̀ kí ìlérí pé, oorun dá lójú rẹ̀. Àìsùn yìí ló bí òfin tuntun, tí Alemseged kà jáde fún gbogbo ìlú:

"Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá ní bátìrì, tó sì ń gbé ènìyàn, ì báà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ní ìjókòó láti ibì kan dé ibòmíràn, ọkọ̀ àdáni ni, a ó sì kà á mọ́ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà."

Ẹ ò rí nǹkan! Alemseged gbé sípánà, ó gbé àpò nọ́ńbà búlúù, ó jáde. Ó kan nọ́ńbà mọ́ àga onítáyà oníbátìrì mẹ́rin tí aláìsàn ń jókòó sí ní ọsibítù. Ó kan án mọ́ ọkọ̀ ìṣeré àwọn ọmọdé tó wà létí adágún, gbogbo méjìdínlógún. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan sunkún nítorí kò ní láísẹ́ǹsì. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní àga oníbátìrì.

"Àga ni o," ni onígbàjámọ̀ wí. "Kì í lọ síbì kankan."

"Ṣé kì í gòkè ni?"

"Ó ń gòkè."

"Láti ibo?"

"Láti ìsàlẹ̀."

"Dé ibo?"

"Dé òkè náà ni."

"Láti ibì kan dé ibòmíràn nìyẹn. Ẹ kú oríire, bàbá, ẹ ti ra ọkọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ gẹrun gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì. Onígbàjámọ̀, aláwàdà ni, á gbé abẹ sókè, á ní: "Ibo lẹ ń lọ, àlejò?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Zinash, ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Zinash ló ń wa màrúwá oníbátìrì láti gáréèjì bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù. Bàbá rẹ̀ fi akọ màlúù méjì sílẹ̀ fún un nígbà tó ń kú. Ó ta méjèèjì, ó fi ra màrúwá náà, òun ló fi ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, òun ló fi ń rán wọn nílé ìwé. Nọ́ńbà pupa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Alemseged tú u, ó kan búlúù. Àwọn màrúwá oníbátìrì tó kù nílùú, bákan náà. Zinash di olówó ọkọ̀ àdáni lójijì, kò sì gbọdọ̀ gba birr kan lọ́wọ́ èrò mọ́.

Ó wá sí ọ́fíìsì, omi òjò ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá nọ́ńbà pupa mi padà fún mi."

"Ọmọbìnrin yìí, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe fún ọ?" Ato Mandefro fẹ̀yìn ti àga. "Lánàá, màrúwá lo ní. Lónìí, mọ́tò lo ní. Mo fi ọ́ joyè!"

"Mo dúpẹ́, ọ̀gá. Àmọ́ àwọn àbúrò mi ò lè jẹ oyè. Injera ni wọ́n ń jẹ."

"Máa gbé ẹbí rẹ. Òfin gbà ẹ́ láyè kí o gbé ẹbí rẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹbí mi ò ju mẹ́ta lọ, ọ̀gá, èmi àtàwọn àbúrò mi méjèèjì ni."

"Nígbà náà, fẹ́ ọkọ," ni Ato Mandefro wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Zinash bú sẹ́kún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Weyzero Yeshimebet jáde, ó fi etí aṣọ ìborùn rẹ̀ nu ojú ọmọbìnrin náà. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ó ní kó o máa gbé ẹbí. Ṣé òun ló máa sọ iye ẹbí tó o ní fún ọ ni?"

Bí ará ìlú ṣe di ẹbí Zinash nìyẹn. Ní oríta ọsibítù ni Shibiru, ọlọ́pàá ojú pópó, máa ń dúró sí. Ní ọjọ́ kìíní, ó dá màrúwá dúró, ó wo arúgbó tó wà lẹ́yìn.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi ni."

"Zinash, mo wà lára àwọn tó gbé pósí ìyá rẹ."

"Ó sàn díẹ̀."

Shibiru wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó kọ "ìyá" sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, ìyá mẹ́rìnlá ló ti kọ, pẹ̀lú bàbá mẹ́sàn-án. Àwọn èrò kò lè sanwó, torí ẹbí kì í sanwó. Wọ́n á fi àlùbọ́sà méjì sílẹ̀ lórí ìjókòó, wọ́n á fi ẹyin, wọ́n á fi ìyẹ̀fun shiro díẹ̀. Ó dára, ebi ò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í mu ọbẹ̀ shiro, owó ni wọ́n fi ń fún un níná. Ìjọ́ tí àlùbọ́sà kún ilé, tí kò sí birr kan nínú rẹ̀, Zinash ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Dilla tó fẹ́ ra màrúwá náà. Ọkùnrin náà ní òun á wá gbé e ní ọjọ́ ọdún tuntun. Ẹ̀dùn ọkàn bá wa, ẹ gbà mí gbọ́.

Ní ti Ato Mandefro, Nehase ti ń lọ sópin, iye ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù náà sì ti pé irínwó ó dín mẹ́rin géérégé. Ìlọ́po mẹ́fà! Addis Ababa ní àwọn ń rán Weyzero Etaferahu wá, alábòójútó àgbà, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Láti àárọ̀ ni Alemseged ti to àwọn òṣìṣẹ́ sí gáréèjì pẹ̀lú òdòdó, tí wọ́n ń wọ̀nà fún mọ́tò ńlá. Bọ́ọ̀sì kan dé. Ìyá kúkúrú kan sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú agbòjò àti báàgì aṣọ.

"Mama, ẹ yẹra, ẹ yẹra!" ni Alemseged wí. "Àlejò pàtàkì ń bọ̀!"

"Ta ni?" ni ìyá náà bi í.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

"Bóyá lóòótọ́," ni Weyzero Etaferahu dáhùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òdòdó kọjá, ó wọ màrúwá Zinash.

Ní oríta, Shibiru nawọ́. "Ta nìyí?"

"Ìyá mi ni," ni Zinash wí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀.

"Zinash, ìyá kẹtàdínlógún rèé láti àárọ̀. Mama, ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá àlejò wo Shibiru, ó wo omidan tó ń gbọ̀n níwájú rẹ̀. "Bi í kó sọ ìdí tí kò fi wọ súwẹ́tà," ló wí. "Láti ìgbà tí mo ti bí i ni kì í gbọ́ràn."

Shibiru kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, Weyzero Etaferahu tẹ̀ síwájú. "Ó yá, ọmọ mi. Ìgbà wo ni mo bí ọ, kí ló sì dé?" Zinash rò ó fún un láti orí dé ìdí, títí kan ọkùnrin Dilla.

Nígbà tí Ato Mandefro rí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú màrúwá, Alemseged ń sáré bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú òdòdó tó ti rẹ̀ dànù. Wọ́n wọ gbọ̀ngàn. Gbogbo ìlú kún ibẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀:

"Ìyá wa, ìmọ́lẹ̀ wa, ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ wọ màrúwá kó lè tọ́ ọkọ̀ oníbátìrì wò! Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Ó fa aṣọ. Àtẹ òpó náà tó aṣọ ibùsùn. Òpó Nehase ga débi pé ó kọjá etí ìwé, wọ́n fi ìwé mìíràn lé e. Weyzero Etaferahu wọ gíláàsì, kò wo òpó gíga yẹn rárá. Ó na agbòjò rẹ̀ sí òpó àkọ́kọ́.

"Kí ló ṣe èyí tó fi kúrú?"

"Òkùnkùn nìyẹn, ìyá wa! Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!"

"Oṣù wo ni?"

"Pagume."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan wúkọ́.

"Ato Mandefro," ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́, "èló ni wọ́n san fún ọ ní Pagume?"

"Wọn kì í... wọn kì í sanwó..." Ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, ó ń wo òpó kúkúrú náà bí ẹni rí ejò lábẹ́ ibùsùn.

"Ta ló ń tọ́jú ìwé níbí?"

Weyzero Yeshimebet dìde. "Mọ́kànlá ní ọjọ́ márùn-ún, ìyáàfin. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ní ọgbọ̀n ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá pín in, bákan náà ni wọ́n ń tà á lójúmọ́. Kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ fún wọn."

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá gbọ̀ngàn náà dúró. Alemseged náà ń rẹ́rìn-ín, ó wá rántí, ó fi òdòdó bo ẹnu.

"Ṣùgbọ́n irínwó ó dín mẹ́rin ńkọ́?" ni Ato Mandefro ké. "Ará ìlú yọ̀ mọ́ òfin mi! Ẹ bi wọ́n!"

"Ọmọ mi ò yọ̀ mọ́ ọn."

"Ọmọ yín, ìyá wa? Ọmọ yín ń gbé níbí?"

"Zinash, tó ń wa màrúwá. Mo gbọ́ pé o ní kó lọ fẹ́ ọkọ." Ato Mandefro wá ibi tó máa jókòó. Kò rí àga. "N kò ní lé ọ lónìí," ni ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "O ti da nǹkan rú, ìwọ náà ni yóò tò ó. Pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ ni o máa tú gbogbo nọ́ńbà búlúù yẹn, kí o dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Mo fún ọ ní oṣù kan gbáko lórí àga. Tó bá parí, o lọlé."

Ato Mandefro kúnlẹ̀ wìì. "Oṣù kan gbáko! Ọlọ́run á bù kún yín, ìyá wa! Mo rò pé ẹ ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan ni! Oṣù kan tó mi, ó tó mi yọ!"

"Inú mi dùn," ni Weyzero Etaferahu wí. "Ọ̀la kọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀túnla ni. Pagume."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Ato Mandefro, ọjọ́ márùn-ún ni, láìsí owó oṣù. Mo rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní Pagume pẹ̀lú sípánà, kóòtù rẹ̀ ti gbá ẹrẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn àga onítáyà ní ọsibítù, arúgbó inú rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó rọra, mọ́tò tuntun ni. Onígbàjámọ̀ gbé e gòkè lórí àga, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó dágbére fún ọkọ̀ náà. Ó fi màrúwá Zinash ṣe ìkẹyìn, bóyá nítorí ìtìjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, tí ọdún tuntun ku ọ̀la, ló tó kan nọ́ńbà pupa rẹ̀ padà mọ́ ọn. Zinash fọwọ́ pa nọ́ńbà náà, ó tún fọwọ́ pa á. Ó fóònù sí Dilla pé kí ọkùnrin yẹn má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Wọ́n ti gba mọ́tò ọ́fíìsì lọ́wọ́ Ato Mandefro, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, sípánà lọ́wọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ló ń ru igbá rẹ̀ délé. Zinash dá màrúwá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wọlé, ọ̀gá. Òjò á pa yín."

Ó wọlé, kò lè wo ojú rẹ̀. Ní oríta, Shibiru nawọ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ti ṣí ìwé, ó ti fi bírò sẹ́nu.

"Ta nìyí, Zinash? Bàbá rẹ ni?"

Ato Mandefro tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó na ọrùn, ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ oyè rẹ̀.

"Èrò ni," ni Zinash wí. "Á sanwó."

Ó sì san án.